Àtàǹpàkò Mi àti Ilé Tó Dákẹ́

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni ọwọ́ ọ̀tún mi kọ òkèlè. Mo na ọwọ́ sí ẹ̀bà, mo fẹ́ bù ú, àtàǹpàkò mi kò tẹ̀. Mo tún gbìyànjú, ìrora kan sì ta láti ìdí àtàǹpàkò náà, ó gba ẹ̀gbẹ́ ọrùn ọwọ́ gòkè lọ sí apá, bí ìgbà tí èèyàn fọwọ́ kan wáyà iná. Òkèlè bọ́ sínú ọbẹ̀, ọbẹ̀ ta sí mi láṣọ. Ìyá mi jókòó níwájú mi. Wọ́n wo aṣọ, wọ́n wo ọwọ́ ọ̀tún, wọ́n sì wo ọwọ́ òsì mi tó wà lábẹ́ tábìlì. Ọwọ́ òsì ọ̀hún ni fóònù wà. Wọ́n dìde, wọ́n lọ mú ṣíbí wá fún mi.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni ohun tí gbogbo ọ̀mọ̀wé ìgbà yìí máa ń ṣe: mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bi ayélujára. Ayélujára sọ fún mi pé ó lè jẹ́ rọpárọsẹ̀, ó lè jẹ́ ìtọ̀ ṣúgà, ó sì lè jẹ́ àrùn kan tí orúkọ rẹ̀ gùn ju apá mi lọ. Mo gbé e dé inú ẹgbẹ́ mọ̀lẹ́bí wa lórí fóònù, níbi tí gbogbo èèyàn ti jẹ́ dókítà àfi àbúrò wa kan tó kàwé ìṣègùn. Ẹnì kan ní kí n fi òróró pa á. Ẹnì kan ní kí n máa jẹ orógbó. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní ayé ni, pé wọ́n ti ń fi ọwọ́ mi ṣe nǹkan. Mo dá gbogbo wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àtàǹpàkò tó ń dùn mí náà ni mo fi dá wọn lóhùn.

Mò ń kọ ìtàn yìí fún ẹni tí irú rẹ̀ bá ń ṣe, tàbí tó ń bá ẹni tí irú rẹ̀ ń ṣe gbé. N kò ní ìmọ̀ràn ńlá. Àwọn tó ní ìmọ̀ràn ńlá pọ̀ lórí ayélujára. Mo tẹ̀lé ọ̀kan nínú wọn fún ìgbà díẹ̀, ọkùnrin kan tó ń kọ́ni bí a ṣe ń gbààwẹ̀ kúrò lórí fóònù. Orí fóònù ló ti ń kọ́ni, láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, ó sì máa ń bínú tí a kò bá tètè dáhùn.

Ìgándò ní Èkó ni mò ń gbé, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. Ilé iṣẹ́ adójútòfò ni mò ń bá ṣiṣẹ́. Wọ́n ní kí á máa ṣiṣẹ́ láti ilé, wọ́n pè é ní ìtẹ̀síwájú, wọ́n sì dá ọ́fíìsì padà fún onílé. Ìyàwó mi, Sìdíkátù, nọ́ọ̀sì ni. Ó ti kó àwọn ọmọ wa méjèèjì lọ sí Kánádà, èmi sì ń dúró de ìwé ìwọ̀lú tèmi. Ìwé náà kò kánjú. Nígbà tí Sìdíkátù rí i lójú fóònù pé ojú mi ti ń jìn sínú, ó bẹ ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ pé kí wọ́n jọ̀ọ́ wá bá mi gbé, kí n lè rí ẹni bá sọ̀rọ̀.

Ìyá mi wá. Wọ́n gbé kájú wá, wọ́n gbé àdúrà wá, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ wá, torí wọn kì í ṣe ẹni tó lè jókòó ti èèyàn kí ó má sọ nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n wá bá sọ̀rọ̀ kò sí nílé. Ara mi wà níbẹ̀ ṣá. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ ilé: pé òrùlé àwọn ń jò, pé àwọn èèyàn ń béèrè àwọn. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ. Bí ìyá mi bá padà, kò ní sí ohùn kankan mọ́ nínú ilé yẹn bí kò ṣe ti fóònù. Mo mọ̀ ọ́n, ó ń bà mí lẹ́rù, mo sì ń wojú fóònù kí ẹ̀rù náà lè fi mí sílẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ nípa ẹnu mi kí ìtàn yìí tó yéni. Akólòlò ni mí láti kékeré. Àwọn ọ̀rọ̀ kan máa ń dúró sí mi lẹ́nu bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń fà lọ sọ́jà. Mo kàwé gboyè ní yunifásítì láìbéèrè ìbéèrè kan nínú kíláàsì rí. Níbi iṣẹ́, àwọn èèyàn a máa bá mi parí ọ̀rọ̀, wọn kì í sì í parí rẹ̀ síbi tí mo ń lọ. Ìyá mi nìkan ni kì í bá mi parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìka kì í kólòlò. Ọjọ́ tí mo mọ èyí lórí ayélujára, ó dà bí ẹni pé wọ́n tú okùn lẹ́sẹ̀ mi. Mò ń fi olówó òjijì ṣe yẹ̀yẹ́, mò ń fi ọ̀jọ̀gbọ́n tí kò mọ nǹkan kan ṣẹ̀fẹ̀, mò ń fèsì fún ẹni tí kò bá mi sọ̀rọ̀. Àwọn tí n kò mọ̀ rí ń pè mí ní ọ̀gá. Èèyàn kì í tètè jáwọ́ nínú irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀.

Ara ti ń kìlọ̀ fún mi tipẹ́ kó tó kan àtàǹpàkò. Ọrùn ń ro mí láàárọ̀. Ojú mi ń gbẹ, ó ń ta mí bí ẹni pé iyanrìn wà nínú rẹ̀. Oorun mi já sí wẹ́wẹ́. Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni pé fóònù máa ń gbọ̀n nínú àpò ṣòkòtò mi nígbà tí fóònù ọ̀hún wà lórí tábìlì. Màá fọwọ́ gbá itan, màá rí i pé ẹran ara mi ló gbọ̀n. Wọ́n ṣàlàyé fún mi nílé ìwòsàn lẹ́yìn náà pé kì í ṣe àwọn ayé, kì í sì í ṣe wèrè: ọpọlọ tó bá ń retí nǹkan jù máa ń gbọ́ ọ kó tó dé. Nígbà tí Ràmàdáánì kan wá, tí a gbààwẹ̀, ẹnu ni mo fi gbà á, n kò fi ọwọ́ gbà á. Mò ń fi ebi gbé fóònù láti sààrì títí di ìṣínu. Ìyá mi á ka tẹ̀sùbáà wọn tán, wọ́n á wò mí, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ọwọ́ kò sàn lẹ́yìn orógbó, mo gba ilé ìwòsàn ìjọba lọ. Ẹni tó bá máa lọ síbẹ̀, kó jẹun kó tó kúrò nílé. A jókòó lórí bẹ́ńṣì láti àárọ̀, gbogbo wa dorí kodò bí ẹni tó ń gbàdúrà, bẹ́ẹ̀ fóònù ni a ń wò. Obìnrin arúgbó kan tí kò ní fóònù wọlé, ó kí wa lọ́kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ bẹ́ńṣì dé ìparí. Àwọn tó dá a lóhùn kò pọ̀. Èmi náà kò dáhùn dáadáa. Mò ń kọ ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ sórí ayélujára nípa bí àwọn èèyàn kò ṣe ń kíra wọn mọ́ nílé ìwòsàn.

Dókítà tó rí mi, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí oorun ń kùn, ní kí n ká àtàǹpàkò sínú ìka mẹ́rin yòókù, kí n dì í bí ẹ̀ṣẹ́, kí n wá tẹ ọwọ́ náà wá sísàlẹ̀ síhà ìka kékeré. N kò lè ṣe é dé ìdajì. Omi bọ́ lójú mi. Ó ní bí wọ́n ṣe ń dá a mọ̀ nìyẹn. Ó ṣàlàyé pé okùn iṣan ló ń fa àtàǹpàkò, inú ihò tóóró kan ní ẹ̀gbẹ́ ọrùn ọwọ́ ni okùn náà sì ń gbà, bí okùn ṣòkòtò ṣe ń gba inú ibi tí wọ́n ká aṣọ sí ní ìbàdí. Tí èèyàn bá ń fà á lọ fà á bọ̀ láìsinmi, ihò náà á wú, okùn kò ní rí ọ̀nà gbà mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni àìsàn náà ṣe rí, kò ní àdììtú kankan. Àwọn ìyá tó ń gbé ọmọ tuntun a máa ní in, àwọn afọṣọ náà a máa ní in.

Ó bi mí pé kí ni mo ń fi ọwọ́ ṣe. Mo ní mò ń kọ̀wé. Ó ní ìwé wo. Mo ní èsì ni. Ó ní èsì sí kí ni. Mo ti fóònù wọnú àpò.

Wọ́n fi nǹkan kan tó le bíi páálí dá àtàǹpàkò náà dúró, wọ́n fi báńdéèjì dì í, wọ́n ní kí n sinmi ọwọ́ ọ̀tún. Mo gbọ́ràn. Mo sinmi ọwọ́ ọ̀tún, mo sì gbé gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ fún òsì.

Báyìí ni a ṣe dé ọjọ́ Jímọ̀ tí mo fẹ́ sọ. Láràárọ̀ Jímọ̀, mo máa ń fi àdúrà ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí fóònù mi, àwòrán mọ́ṣáláṣí pẹ̀lú òdòdó, ọ̀rọ̀ kan náà fún gbogbo ayé. Nọ́ńbà ìyá mi wà lára wọn, torí Sìdíkátù ti ra fóònù fún wọn kí wọ́n lè máa rí ojú àwọn ọmọ-ọmọ wọn. Ìyá mi kò mọ̀wé kà. Nígbà tí fóònù wọn dún ní pálọ̀, tí èmi wà ní yàrá, wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ pàtàkì kan ti dé láti Kánádà. Wọ́n mú un sọ̀kalẹ̀ lọ bá Ìyá Ṣùkúrà, aládùúgbò wa tó ń ránṣọ nísàlẹ̀, pé kó bá àwọn kà á. Ìyá Ṣùkúrà kà á sókè: ẹ kú ọjọ́ Jímọ̀ o, ọjọ́ ti pẹ́ tí a ti ríra, kí Ọlọ́hun mú wa ríra láyọ̀. Ó ní èmi ni mo kọ ọ́. Ó wá béèrè ibi tí mo wà.

N kò mọ nǹkan kan nínú gbogbo èyí títí di ìrọ̀lẹ́, tí mo sọ̀kalẹ̀ lọ pọnmi. Ìyá Ṣùkúrà yọjú láti ẹ̀yìn máṣíìnì rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀ o, bọ̀dá. Ìrìn-àjò ńkọ́?"

Mo bi í pé ìrìn-àjò wo.

"Èyí tí ìyá yín ní ẹ lọ ni jàre. Àbí ẹ fẹ́ fi búrẹ́dì tí ẹ rà bọ̀ pamọ́ fún wa ni? Èmi ni mo ka ìwé yín fún wọn láàárọ̀. Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára, àní ọjọ́ ti pẹ́ tí ẹ ti ríra."

Mo dúró ti ẹ̀rọ omi, kẹ́ẹ̀gì kún, ó ń ṣàn dànù. Ìyá mi mọ̀ pé mo wà lókè. Wọ́n ti kọjá níwájú ilẹ̀kùn mi kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀. Wọ́n parọ́ fún aládùúgbò kí ojú má baà tì mí, pé ọmọ àwọn kò sí nílé. Nígbà tí mo rò ó dáadáa, n kò rí irọ́ níbẹ̀.

Nígbà tí mo gòkè, ìyá mi ń ká aṣọ sínú báàgì. Mo béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe. Ó pẹ́ kí ìbéèrè náà tó jáde.

"Ẹrù mi ni mò ń dì, Àkànní. Mo fẹ́ máa lọ sílé."

Mo bi wọ́n bóyá mo ṣẹ̀ wọ́n ni.

"O ò ṣẹ̀ mí. Mò ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ nínú yàrá, mi ò mọ ẹni tó ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín. Nígbà tí o kéré, tí ọ̀rọ̀ bá há ọ lẹ́nu, màá jókòó dè é, á sì jáde. Mo ti jókòó dè é níbí náà. Kò jáde."

Mo dọ̀bálẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì. Mo bẹ̀ wọ́n. Mo ní màá padà sílé ìwòsàn, kì í ṣe torí ọwọ́ nìkan. Wọ́n ro ọ̀rọ̀ náà, wọ́n tú ìdajì ẹrù, wọ́n fi ìdajì yòókù sílẹ̀ nínú báàgì. Wọ́n ní àwọn á wò ó títí oṣù á fi parí.

Nígbà tí mo padà lọ, àtàǹpàkò òsì ti darapọ̀ mọ́ ọ̀tún. Dókítà wo méjèèjì, ó gún mi ní abẹ́rẹ́ tó ń mú wíwú lọ sílẹ̀, ó wá rọra sọ fún mi pé òun lè tọ́jú okùn iṣan, ṣùgbọ́n ohun tó ń fa okùn náà kì í ṣe ìṣòro egungun. Ó kọ ìwé fún mi lọ sí ẹ̀ka ìlera ọpọlọ.

Ẹ má bínú, mo kàwé, mo sì ti kọ ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ sórí ayélujára pé kì í ṣe ìtìjú kí èèyàn lọ síbẹ̀. Ojú tì mí títí mo fi dé ẹnu ọ̀nà. Ọkùnrin kan tí a jọ ń kírun ní mọ́ṣáláṣí wà lórí bẹ́ńṣì kejì. Ó rí mi, mo rí i, àwa méjèèjì sì tẹjú mọ́ fóònù títí wọ́n fi pe ọ̀kan nínú wa.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló gbà mí, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Kò bi mí ní iye wákàtí. Ó ní, "Nígbà tí ẹ bá gbé fóònù, kí lẹ ń sá fún?" Ọ̀rọ̀ náà há mi lẹ́nu. Mo rò pé á bá mi parí rẹ̀, bí gbogbo èèyàn. Ó gbé bírò sílẹ̀, ó dúró.

"I-i-ilé tó dákẹ́," ni mo wí níkẹyìn.

Ó ní Yorùbá ti ní orúkọ fún un: bárakú, ohun tó mọ́ni lára débi pé ó fẹ́ bá ara kú. Ó ní àwọn dókítà fúnra wọn ṣì ń jiyàn lórí bóyá kí wọ́n ka ti ayélujára sí àrùn tó dá dúró, ṣùgbọ́n ẹni tó ń jìyà kò ní láti dúró de ìparí àríyànjiyàn. Ó ní kí n wò ó báyìí: ṣé èyí tó tó mi tẹ́lẹ̀ kò tó mọ́? Ṣé ara mi ń jà tí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ mi? Ṣé mò ń fi í pamọ́? Ṣé ó ti lé nǹkan mìíràn jáde nínú ayé mi? Mo dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí gbogbo rẹ̀. N kò ṣe dáadáa tó bẹ́ẹ̀ nínú ìdánwò kankan rí.

Mo béèrè ìdí tó fi jẹ́ èmi, nígbà tí gbogbo ará ìjọba ìbílẹ̀ wa ní Alímòṣọ́ ń lo fóònù. Ó ní kò sí ìdí kan ṣoṣo. Ẹni tó bá dá wà, ẹni tí ìtìjú tàbí ìkólòlò ń jẹ́ kí ó sá fún ojú èèyàn, ẹni tí ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀, ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò mú un jáde nílé, ọ̀nà náà máa ń yọ̀ fún irú wọn ju ẹlòmíràn lọ. Ó béèrè nípa bàbá mi. Mo ní bàbá mi kò mọ fóònù títí wọ́n fi kú, ṣùgbọ́n ìdí ọpọ́n dráàfù ni ìrun ọ̀sán àti ti ìrọ̀lẹ́ máa ń ká wọn mọ́. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe ìwà burúkú. Bí a ṣe ń jogún imú náà ni a ń jogún ibi tí ó ti rọrùn láti mú wa.

Ohun tó le nínú ìtọ́jú náà nìyí. A lè sọ fún ọ̀mùtí pé kó má fọwọ́ kan ìgò mọ́. Ṣùgbọ́n inú ìgò tèmi ni ìyàwó àti àwọn ọmọ mi wà, inú rẹ̀ náà ni iṣẹ́ mi wà. N kò lè fọ́ ọ. Nítorí náà, nọ́ọ̀sì ní kí n pa gbogbo ìró tó ń pè mí, kí fóònù máa gbé ilé ìdáná nígbà tí n kò bá ṣiṣẹ́ tàbí bá Sìdíkátù sọ̀rọ̀, kí n sì máa fi ẹnu sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò pọn dandan fún èèyàn kan lójoojúmọ́. Èyí tó kẹ́yìn ló dẹ́rù bà mí jù.

Ara jà. Kí ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣáájú. Àtẹ́lẹwọ́ mi ń làágùn. Ọwọ́ mi ń wá nǹkan káàkiri àga bí ọwọ́ afọ́jú. Inú ń bí mi láìnídìí. Mo jágbe mọ́ ìyá mi lórí iyọ̀. Kò pẹ́ tí mo fi ń fi fóònù sábẹ́ ẹ̀wù wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tí mo ń jókòó síbẹ̀ títí ẹsẹ̀ mi á fi kú. Ìyá mi kan ilẹ̀kùn lọ́jọ́ kan pé ṣé inú ń run mí ni. "Bẹ́ẹ̀ ni" ni èsì tó yá mi lẹ́nu jù. Wọ́n se àgbo inú, ó korò bí ìròyìn, mo gbé ife mu tán lójú wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, n kò nílò àwáwí mọ́ láti wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Nígbà tí mo lè dìde, mo lọ jókòó tì wọ́n, mo sọ fún wọn pé inú kò run mí rárá lánàá.

"Mo mọ̀," ni wọ́n wí.

Mo ní wọ́n mọ̀, wọ́n sì fún mi lágbo.

"Ẹni tó bá ní inú ń run òun, àgbo inú là á fún un."

A rẹ́rìn-ín, àwa méjèèjì. Mo rò pé ẹ̀rín náà á dá wọn dúró. Ṣùgbọ́n nígbà tí oṣù parí, wọ́n kó ìdajì ẹrù tó kù sínú báàgì. Wọn kò bínú. Wọ́n ní àwọn kò lè jókòó ṣọ́ àgbàlagbà, pé bí àwọn bá dúró, àwọn ni màá máa jáwọ́ fún, ọjọ́ tí àwọn bá kú màá tún gbé e. Mo sìn wọ́n dé ìdíkọ̀ ní Abúlé Ẹ̀gbá. Kí ọkọ̀ tó gbéra, wọ́n na ọwọ́ láti ojú fèrèsé, wọ́n di báńdéèjì ọwọ́ mi mú.

"Nígbà tí o bá dé láti ibi tí o lọ, wá sọ fún mi. Má fi ránṣẹ́."

Ilé náà wá dákẹ́ lóòótọ́. Fìríìjì ń kùn, ó ń dákẹ́. Omi ń kán nínú ilé ìwẹ̀. Mo ti ń gbé ibẹ̀ tipẹ́, n kò mọ̀ pé ilé ń sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo gbé fóònù láìka ohun tí nọ́ọ̀sì sọ, tí mo fi gbogbo ìrọ̀lẹ́ ṣòfò. Mo padà lọ sọ fún un. Ó ní ìṣubú wà nínú ìtọ́jú, kì í ṣe òpin rẹ̀. Àwọn tó ń pè mí ní ọ̀gá lórí ayélujára kò wá mi. Ẹnì kan ṣoṣo ló béèrè mi, ó fẹ́ kí n bá òun polówó ọṣẹ.

Mo sọ òtítọ́ fún Sìdíkátù. Ó wá ní òun ti fura tipẹ́, nọ́ọ̀sì ṣá ni òun, ṣùgbọ́n òun bẹ̀rù pé bí òun bá sọ ọ́, mi ò ní gbé ìpè òun mọ́. Ìyẹn fi hàn pé èmi nìkan kọ́ ló dá wà.

Ọ̀rọ̀ tí kò pọn dandan, Ìyá Ṣùkúrà ni mo ń lọ bá sọ ọ́. Màá jókòó lórí àpótí níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ọjọ́ àkọ́kọ́, mo fẹ́ sọ pé bọ́tìnnì ẹ̀wù mi ti já. Ó gbà á lẹ́nu mi, ó ní bọ́tà, ó ní bọ́ọ̀lù, ó wá gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. "Bọ̀dá, ẹ farabalẹ̀ sọ ọ́ jàre. Oníbàárà mi kankan kò tíì dé." Mo sọ ọ́. Ó bá mi rán an. Irú nǹkan báyìí kì í dùn ún kọ sórí ayélujára, kò sì ní rí ẹni tó máa yìn ín. Ṣùgbọ́n mo gòkè lọ́jọ́ náà, mo sùn.

Ọwọ́ ń sàn díẹ̀díẹ̀. Mò ń ki í bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, mò ń ṣí i, mò ń pa á dé bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Nígbà tí mo lè gbé báàgì, mo wọkọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ láìpe ẹnikẹ́ni. Ìyá mi jókòó sójúde pẹ̀lú àwọn obìnrin àdúgbò. Bí wọ́n ṣe rí mi, wọ́n dìde pẹ̀lú ẹ̀rù, wọ́n ní ṣé kò sí nǹkan. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní kò sí nǹkan kan, mo wá sọ fún wọn pé mo ti dé ni. Ọ̀rọ̀ náà gba àkókò. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà fẹ́ bá mi parí rẹ̀, ìyá mi na ọwọ́ sí i pé kó dúró. A sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá mi padà. Wọ́n ní rárá, kájú ti ń pọ́n lóko, ẹni tó bá sì ní ilé kì í ṣe àlejò títí ayé. Wọ́n ní bí àwọn bá kórè tán, àwọn á wá kí mi, àwọn á sì tún padà. Mo gbà bẹ́ẹ̀. N kò ní ẹ̀tọ́ sí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìwé mi kò tíì dé. N kò ní parọ́ fún ẹnikẹ́ni pé ìdánìkanwà ti lọ. Ó wà níbí, òun ni a jọ ń gbé. Fóònù kọ́ ni àìsàn náà, ibi tí mo ń sá sí ni. Nígbà tí òjò bá ṣú, àtàǹpàkò a máa ro mí, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, torí nínú gbogbo ara mi, òun nìkan ló kọ iṣẹ́. Ojú gbà, ọrùn gbà, oorun gbà láti fara dà á. Ká ní òun náà gbà ni, bóyá ǹ bá ṣì wà nínú yàrá yẹn tí mò ń rẹ́rìn-ín.

Ọ̀la ni ìyá mi ń bọ̀. Mo tẹ́ ẹ̀wà sórí àwo láti ọ̀sán yìí, mò ń ṣà á. Iṣẹ́ ìka méjì ni, ó sì lọ́ra, àtàǹpàkò á mú horo, á tì í sí ẹ̀gbẹ́ kan, á tún mú òmíràn. Eyín ìyá mi kò pọ̀ mọ́. Òkúta kan ṣoṣo ti tó láti ṣe wọ́n léṣe. Nítorí náà mi ò kánjú. Bí mo bá dé ìdí àwo, màá tún dà á, màá tún ṣà á.